Ta Ló Ka Iṣẹ́ Tí Gbóyèga Rán?

Èèyàn mẹ́rin ló dúró síwájú tábìlì mi lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó kí mi kú iṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá bá àgbàlagbà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò kí i, ó ní láti jẹ́ pé inú ń bí i, tàbí kó jẹ́ pé wọn ò kọ́ ọ nílé. Ọ̀kan nínú wọn, mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Nítorí náà, inú ló ń bí wọn. Obìnrin kan tó wọ awò ojú, tó wé gèlè bí ẹni tó fẹ́ lọ ka Bíbélì níwájú ìjọ, ló kọ́kọ́ lanu.

"Ṣé ẹ̀yin ni bàbá tó ń tún fóònù ṣe?"

"Èmi ni, ìyá."

"Ẹ̀yin náà lẹ ń ka lẹ́tà ọlọ́lẹ́tà?"

Mo gbé irin gbígbóná tí mo fi ń jó wáyà sílẹ̀. Ṣàkírù, tí tábìlì tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, pa rédíò rẹ̀. Kí n tó sọ èsì tí mo fún obìnrin náà, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí, nítorí ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá já gbà láàárín, irọ́ ló máa ń jọ.

Iṣẹ́ wáyà ni mo fi jẹun láyé mi. Nígbà tí agbára ṣì wà, mo gun òpó fún tẹlifóònù ìjọba, láti Òkè-Àgbò títí dé Atíkórí níbi tí ilé mi wà. Ọ̀gá tó kọ́ mi, Ọ̀gá Òpó là ń pè é, kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́, àfi wáyà. Ohun tó máa ń wí ni pé, "Kí o tó fura sí èèyàn, kọ́kọ́ tọ wáyà dé òpin." Oníkòkó kan wà ní Òkè-Àgbò nígbà náà tó fẹ́ lé ìyàwó rẹ̀ jáde, ó ní gbogbo ìgbà tóun bá gbé fóònù láti bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lòun ń gbọ́ tí ẹnìkan ń mí nínú rẹ̀, ìyàwó òun sì nìkan ló wà nílé. Ọ̀gá Òpó tọ wáyà náà títí, ó dé abẹ́ igi obì kan, ó bá wáyà méjì níbẹ̀ tó ń fara kanra bí òjò bá ti rọ̀. Àṣé mímí tí ọkùnrin yìí ń gbọ́, ti pásítọ̀ tó ń gbé lódìkejì títì ni. Pásítọ̀ náà sanra, ó sì máa ń sùn lọ sídìí fóònù.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mi ò lè jókòó sílé kí n máa ka ewé tó ń já. Mo gbé tábìlì kan sí Àgọ́-Ìwòyè, lọ́nà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, mo ń wọkọ̀ lọ láàárọ̀, mo ń padà sí Atíkórí nírọ̀lẹ́. Rédíò ni mo kọ́kọ́ ń tún ṣe. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, lẹ́yìn fóònù ni fóònù alábídí dé. Èmi ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀ o, nítorí gbogbo a, b, d ni wọ́n tò sí i láyà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bọ́tìnì tirẹ̀, ó rí kóńkókóńkó bí ọmọ àgbàdo lára ṣùkù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, fóònù rere ni. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n lò, kò ní láti wo ojú rẹ̀ kó tó fi kọ̀wé. Olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀ níwájú, ọmọ á tẹjú mọ́ olùkọ́ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù, àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì á máa jó lábẹ́ tábìlì. Akọ̀wé ìjọ kan ní Atíkórí fi tirẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé láti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ dé oore-ọ̀fẹ́, kò gbójú kúrò lára alága lẹ́ẹ̀kan. Iná pupa kékeré kan wà lókè rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú bí iṣẹ́ tuntun bá wọlé. Bó já bọ́ látorí ọ̀kadà, wàá ṣa bátìrì rẹ̀ níbìkan, wàá ṣa ìdérí rẹ̀ níbòmíràn, wàá tò wọ́n pa pọ̀, á sì tún máa ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìyọnu rẹ̀! Aago kékeré kan á jáde sójú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, ohunkóhun tí o bá tẹ̀, kò ní dá ọ lóhùn mọ́. Kò sí oògùn rẹ̀ ju kí o yọ bátìrì lọ. Bí o bá sì yọ bátìrì tí o dá a padà, kó tó jí, o ti lè jẹ ìkọ́kọrẹ́ abọ́ kan tán, kí o ṣan ọwọ́, kí o tún dúró dè é. Nítorí èyí, àwa tí à ń tún un ṣe kì í fẹ́ pa á. Bí fóònù alábídí bá ti jí lórí tábìlì wa, a ó jẹ́ kó wà lójúfò títí iṣẹ́ ara rẹ̀ á fi parí. Ẹ fi èyí sọ́kàn díẹ̀.

Èyí tó tún burú ju aago lọ ni bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù kan wà láàárín fóònù náà, ó funfun, kò ju ẹyin alángbá lọ. Bí o bá fi ìka yí i, ojú ìwé á máa lọ síbi tí o bá yí i sí. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ohun tí o dúró lé lórí á ṣí. Eruku ọ̀nà wa àti òróró àkàrà ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kó sábẹ́ rẹ̀, á wá di pé o ń yí i sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo ní láti là yé yín. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù náà, lẹ́tà kan á fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà lójú ẹni tó fi í ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ D, iṣẹ́ rẹ ti dé orí fóònù ẹni tí o rán an sí. Bó bá jẹ́ R, ẹni náà ti kà á. Lẹ́tà méjì péré, ṣùgbọ́n mo rí ìjà tí wọ́n dá sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ju èyí tí ọtí dá sílẹ̀ lọ. "O rí i, o kà á, o ò dá mi lóhùn!" Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ.

Àwa alátùn-únṣe náà, ta ló gbà wá gbọ́? Wọ́n ní à ń pààrọ̀ ojúlówó nǹkan inú fóònù sí ayédèrú. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gbé fóònù wá, á fa àga, á jókòó tì ọ́, ojú rẹ̀ ò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ. Àwọn ọmọbìnrin á yọ kútẹ́ẹ̀sì nínú báàgì, wọ́n á kùn ún sára bátìrì àti sára bọ́ọ̀lù, kí wọ́n lè dá a mọ̀. Mi ò bínú sí wọn. Bí mo bá jẹ́ oníbàárà Ṣàkírù, èmi náà á kun kútẹ́ẹ̀sì.

Ìdí nìyí tó fi yà mí lẹ́nu nígbà tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tọ́pẹ́ gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, tó ní, "Bàbá, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń ṣe wèrè. Mo ní ìdánwò, mi ò lè dúró. Ẹ bá mi tún un ṣe, màá wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì," tó sì yí padà, tó ń lọ. Kò kun nǹkan kan. Kò tilẹ̀ yọ síìmù. Mo rí àmì omi lára rẹ̀, mo pè é padà láti bi í pé níbo ni omi ti kan fóònù náà, ó ní ilé lòun lọ ní ìparí ọ̀sẹ̀, ní Òde-Omi, ọkọ̀ ojú omi bàbá òun sì ta omi sí òun lára.

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ti ń lọ, mo sì fura. Ẹni tí kò fura sí mi rárá, kí ló ní lọ́kàn? Ṣàkírù ní, "Bàbá, fóònù jíjí ni. Ẹ ò rí i bó ṣe sáré?" Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí.

Mo ṣí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípíríìtì fọ bọ́ọ̀lù náà, mo dá a padà, mo tàn án, mo fi ṣájà sí i kí n lè máa wò ó bóyá á tún ṣe wèrè. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nǹkan kan wà lórí fóònù wọ̀nyẹn tí èèyàn fi ń jí ẹni tí kò bá dáhùn, bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ti kàn án, fóònù á gbọ̀n jìgìjìgì. Tọ́pẹ́ yìí, ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sinmi. Fóònù náà gbọ̀n títí ó fi rìn dé etí tábìlì, mo dá a padà, mo fi àkísà bò ó. Mo ń sọ nínú ara mi pé, ọmọ yìí, ta lo ṣẹ̀ tó báyìí?

Ẹ̀yin náà ti wá mọ ẹni tó ṣẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró níwájú mi lọ́jọ́bọ̀ ni, Gbóyèga lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè-Àgbò tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Obìnrin aláwò ojú ni ìyá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, Màmá Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tí kò wọ bàtà, ni bàbá Tọ́pẹ́, tí ọmọ rẹ̀ ti pè láàárọ̀ yẹn, alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà ní Òde-Omi, tó ní ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò. Tọ́pẹ́ ló ṣìkẹrin wọn, òun náà sì ni mo mọ̀. Ojú rẹ̀ ti wú.

Àwọn àgbà ilé Gbóyèga fẹ́ lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Òde-Omi ní Sátidé. Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Tọ́pẹ́ láti bi í bóyá kí wọ́n máa bọ̀. Ó na fóònù tirẹ̀ sí mi lójú kí n wò ó fúnra mi.

"Ẹ kà á, bàbá. Àbí ẹ ti kà á tẹ́lẹ̀?"

Mo kà á. *Àwọn bàbá ní kí n bi ọ́, ṣé kí wọ́n máa bọ̀?* R. *Tọ́pẹ́, dá mi lóhùn.* R. *Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?* R. Bẹ́ẹ̀ ló lọ sísàlẹ̀ bí àtẹ̀gùn, R, R, R.

"Ó ní láti ọjọ́ Ajé ni fóònù òun ti wà lọ́dọ̀ yín," ni Màmá Tíṣà wí. "Bó bá jẹ́ òtítọ́ ló sọ, ẹ̀yin lẹ kà á. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, òun ló kà á, ó wá ń purọ́ mọ́ fóònù. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì. Èmi ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣirò pẹ́, ẹ má fi èyí dà mí láàmú."

"Màmá, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́," ni alàgbà wí.

"Alàgbà, ẹ̀yin lẹ ó ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ti ní ká wádìí dáadáa kí a tó lọ fẹ́ ọmọ létí omi, wọ́n ní mo ń ṣe gààrù."

"Létí omi? Kí ló ṣe etí omi?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ẹ sọ ọ́! Ẹja tí ẹ ń jẹ lójoojúmọ́ ní Òkè-Àgbò, orí òkè lẹ ti ń pa á ni?"

Mo na ọwọ́ sókè. Ẹ wò ó, nǹkan méjì ló wà níwájú mi lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá gbà pé èmi ni mo ka iṣẹ́ náà, ọmọbìnrin yìí á bọ́, orúkọ tèmi á sì bàjẹ́ ní gbogbo Àgọ́-Ìwòyè. Bí mo bá sì sọ pé èmi kọ́, ọwọ́ mi ni mo fi ti ọmọ náà sínú omi. Òtítọ́ ibẹ̀ sì ni pé mi ò kà á. Mo wo Ṣàkírù. Ṣàkírù tí a mọ̀ sí ẹni tó ń wo fọ́tò inú fóònù oníbàárà bí ẹni ń wo sinimá.

Ó ti rí ojú mi. "Bàbá! Ẹ má wò mí! Mo fi Kùránì búra, mi ò fọwọ́ kàn án. Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yin, ẹ mọ̀ pé mi ò kì í fọwọ́ kàn án."

"Àwọn tó jẹ́ tìrẹ ńkọ́?" ni Màmá Tíṣà bi í.

Ṣàkírù bẹ̀rẹ̀ sí í to irinṣẹ́ rẹ̀.

Mo yí sí Tọ́pẹ́, nítorí èmi náà kò tí ì gbà á gbọ́ tán. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé o ní fóònù mìíràn tí o fi ń wo iṣẹ́ wọ̀nyí?"

"Bàbá, mi ò ní. Fóònù ọ̀rẹ́ mi ni mo fi pe Gbóyèga lọ́jọ́ Ajé láti sọ fún un pé tèmi wà lọ́dọ̀ yín. Lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbé e."

"Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni," ni Gbóyèga wí. "Mi ò kì í gbé nọ́ńbà tí mi ò mọ̀."

Nígbà náà ni mo rántí ọ̀gá mi. Gbogbo wa la ti fura sí èèyàn tán, láti orí ọmọbìnrin náà dé orí Ṣàkírù, kò tí ì sí ẹni tó tọ wáyà. Mo yọ àkísà kúrò lórí fóònù náà. Mo ní kí Gbóyèga fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí i, kí gbogbo wa kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù náà gbọ̀n. A tẹjú mọ́ ọn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbóyèga wo tirẹ̀, ó ní, "D ni."

"Ẹ ti rí i," ni Màmá Tíṣà wí.

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n mo rántí pé orí ṣájà ni mo fi í sí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbà tí iná lọ bí wọ́n ti ń dé ni mo yọ ọ́. Mo fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti tutù. Mo ní kí Ṣàkírù tan jẹnẹrétọ̀, mo dá ṣájà padà sí i. Mo ní kí wọ́n jókòó. Alàgbà nìkan ló jókòó. Màmá Tíṣà ní òun ò lè jókòó níbi tí wọ́n ti ń pidán, ó gbé fóònù náà pẹ̀lú wáyà ṣájà rẹ̀ lọ sórí àga kan tó fi gèlè ara rẹ̀ tẹ́, ó ní kí èmi àti Ṣàkírù dúró síta, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí a gbé ọwọ́ sókè níbi tóun ti lè rí i.

A dúró síta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá ń wò wá. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ọlọ́pàá ti dé?" Mo ní rárá, tíṣà ni.

Nígbà tó ṣe, tí bátìrì náà ti gbóná, Gbóyèga tún fi iṣẹ́ mìíràn ránṣẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i. Fóònù gbọ̀n, ojú rẹ̀ tàn. Bọ́ọ̀lù náà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Àmì orí ojú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè díẹ̀díẹ̀, ó dé orí iṣẹ́ náà, ó dúró bí ẹni ń rò ó. Lẹ́yìn náà ló ṣí i, gbàgà, níwájú gbogbo wọn.

"Mímọ́! Mímọ́! Mímọ́!" Alàgbà ti fò sórí ẹsẹ̀. "Ẹ̀mí wà nínú rẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n bu omi àdúrà wọ́n ọn!"

"Alàgbà, omi ló fa á!" ni Ṣàkírù kígbe láti ìta. "Ẹ má tún fi kún un!"

Gbóyèga ń wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. "R ni."

Mo wọlé, mo fi ẹ̀mú fa bọ́ọ̀lù náà yọ, mo sì fi abẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n. Sípíríìtì tí mo fi fọ bọ́ọ̀lù kò dé ìsàlẹ̀ ibùsùn rẹ̀. Iyọ̀ funfun ti dì síbẹ̀ bí èyí tó ń dì sí etí ìkòkò, iyọ̀ omi Òde-Omi tó wà nítòsí òkun. Ó ti so ojú ibi tí à ń tẹ̀ pọ̀. Bí bátìrì bá ti gbóná, tí ìgbóná bá kan iyọ̀ náà, fóònù á rò pé ìka èèyàn wà lórí òun, á máa yí, á máa tẹ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń ka iṣẹ́ Gbóyèga lábẹ́ àkísà, lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń dé. Nínú iṣẹ́ wa, a mọ̀ pé bọ́ọ̀lù lè lọ síbi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n ká rí èyí tó ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, èmi ò rí i rí.

Màmá Tíṣà mú gèlè rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo abẹ́ àga. Kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Ó dáa." Ó ṣòro fún un láti sọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Gbóyèga rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n já okùn ọrùn rẹ̀. Ó ní kí bàbá Tọ́pẹ́ má bínú, kí èmi náà má bínú. Alàgbà ní inú òun ti rọ̀, òun ti ní kí wọ́n yan ẹja sílẹ̀ fún Sátidé, kí wọ́n máa bọ̀ ní àsìkò kí omi tó ru.

"Ẹ má wulẹ̀ wá," ni Tọ́pẹ́ wí.

Àwa tó kù ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní láti tún un sọ.

"Gbóyèga, ẹ má wá ní Sátidé."

"Kí ló dé? Ọ̀rọ̀ ti parí. Fóònù ni."

"Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Ajé, o ò gbé e nítorí o ò mọ nọ́ńbà. Nọ́ńbà bàbá mi wà lọ́wọ́ rẹ, o ò pè wọ́n bi wọ́n bóyá mo ṣàìsàn, bóyá mo kú. Màmá lo pè. Láàárọ̀ yìí, kí o tó kan ilẹ̀kùn mi, o ti kan ti gbogbo àwọn tí a jọ ń gbé, o ń bi wọ́n bóyá ọkùnrin ń sùn lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún mi. Nígbà tí mo sọ òtítọ́ fún ọ, o ò gbà. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù yìí yí lo tó gbà." Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Ká ní kò yí ńkọ́?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́nu ẹ̀mú mi. Mo fẹ́ bá a fèsì, nítorí mo rí i pé ó fẹ́ràn ọmọ náà, ṣùgbọ́n òtítọ́ lọmọ náà sọ. A ti rí bó ṣe kọ́kọ́ kọ̀ tí kò yí. Ká ní mi ò rántí ṣájà ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí síbẹ̀, Tọ́pẹ́ ìbá sì ti di òpùrọ́ fún ìyókù ayé rẹ̀.

Màmá Tíṣà fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀. "Ṣé o rí i? Mo sọ fún ọ tàbí mi ò sọ fún ọ? Ẹni tó fẹ́ni kì í sọ báyìí. Ó ti ní ẹlòmíràn."

"Màmá, ẹ dákẹ́," ni Gbóyèga wí. Èyí nìkan ni mo gbọ́ tó bá ìyá rẹ̀ sọ lọ́nà bẹ́ẹ̀, ó sì ti pẹ́ jù.

Alàgbà ò bá ọmọ rẹ̀ jà. Ó dìde, ó gbọn aṣọ funfun rẹ̀, ó ní kí Tọ́pẹ́ kálọ, àwọn á lọ jẹun. Ó sọ fún mi bó ti ń jáde pé ẹja tí wọ́n yan náà kò ní ṣòfò, ìjọ òun á jẹ ẹ́, wọn kì í béèrè ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yan án fún.

Mo fi bọ́ọ̀lù tuntun sí fóònù náà lọ́jọ́ kejì, Tọ́pẹ́ sì wá gbà á. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gba fóònù ẹnikẹ́ni pẹ̀lú síìmù nínú rẹ̀ mọ́. Mo ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé, "Yọ síìmù rẹ dání." Àwọn kan á yọ ọ́. Àwọn mìíràn á wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá, kí ló dé? Kí lẹ fẹ́ ṣe tí ẹ ò fẹ́ kí síìmù mi rí?" Ṣàkírù sì ti gba àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọn ò lóǹkà. Mo kọ́ gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀ títí mo fi kó tábìlì mi nílẹ̀, nígbà tí fóònù tí à ń fọwọ́ pa lójú gba ayé, tí a kò rí bọ́ọ̀lù mọ́.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo tún rí Gbóyèga. Ó dá wá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ó kí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ kanlẹ̀, lórí eruku. Ó jókòó, ó na fóònù tirẹ̀ sí mi.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Ó jọ pé ó ti bàjẹ́."

"Kí ló ń ṣe?"

Ó fi hàn mí. Iṣẹ́ gígùn kan ló fi ránṣẹ́ sí Tọ́pẹ́, ó ju ojú fóònù náà lọ. Mi ò kà á. Ojú mi kàn kọjá lórí rẹ̀ dé òpin, mo rí lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. D ni.

"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti dúró bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Bóyá ó ti kà á, tó jẹ́ pé tèmi ni kò fi hàn. Ó lè jẹ́ bátìrì. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù."

Mo ṣí i. Mo fi sípíríìtì nu inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ́. Mo yí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Mo fi fóònù tèmi ránṣẹ́ sí i, ó gbà á. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí mi, mo kà á, ó sì fi R hàn kíá. Ó ń wò mí ní gbogbo ìgbà yẹn bí ẹni tó jókòó níwájú dókítà.

Mo dé e padà, mo fi lé e lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, fóònù rẹ kò ní nǹkan kan."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Gbóyèga wí, "ẹ tún un wò."